Bí igún ṣe ń tán nílẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìṣirò ohun tó ń fi ìdá kan náà dínkù lọ́dọọdún

Igún la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, pàápàá igún ilẹ̀ Íńdíà, nítorí pé wọ́n kà wọ́n léraléra ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kú lọ. Igún tiwa náà yóò wọ ọ̀rọ̀ níwájú. Ẹ mú fóònù yín sọ́wọ́, ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí rẹ̀ ti tó.

Kí ló pa igún Íńdíà?

Ní àwọn ọdún 1980, igún onídìí funfun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Gyps bengalensis wà lára àwọn ẹyẹ ńlá ajẹran tó pọ̀ jù lọ láyé. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ màlúù. Bí màlúù bá kú, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ, igún ló sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di apá ìparí àwọn ọdún 1990, Vibhu Prakash ti ẹgbẹ́ Bombay Natural History Society ṣàkíyèsí ní ọgbà ẹranko Keoladeo, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, pé ìtẹ́ igún ń ṣófo. Igún tó bà sórí igi á sorí kodò bí ìgbà tí oorun ń kùn ún, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi já lulẹ̀.

Ọdún 2004 ni Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Pakistan tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Diclofenac ni, oògùn ara ríro kan náà tí àwa ń rà ní kẹ́mísìtì. Wọ́n ń fi gún màlúù tó ń tiro tàbí tí ara ń ro. Bí màlúù bá kú kété lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, tí igún sì jẹ nínú ẹran rẹ̀, kíndìnrín igún á daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n la òkú àwọn ẹyẹ náà, nǹkan funfun kan ló bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wọn: ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ jáde ló dì mọ́ wọn níkùn.

Láàárín ọdún 1992 sí 2007, ìdá 99.9 nínú 100 igún onídìí funfun ló lọ ní Íńdíà. Ìyẹn ni pé nínú 1,000, ẹyọ 1 ló kù. Ẹ̀yà igún méjì mìíràn tí wọ́n kà pọ̀ pàdánù ìdá 96.8 nínú 100 láàárín ìgbà kan náà.

Ṣebí àyọkúrò lásán ni? Kí ló wá le níbẹ̀?

Àyọkúrò kọ́. Bí ẹ bá ní ẹyẹ 10,000, tí ẹnìkan ń wá kó 1,000 lọ lọ́dọọdún, ọdún 10 ló máa kó o tán, kò sí ìṣòro nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n májèlé kì í kó 1,000. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ewu kan náà lọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ewu náà bá tó láti pa ìdá 10 nínú 100, á pa 1,000 lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì 9,000 ló kù tó lè kú, nítorí náà á pa 900. Lọ́dún kẹta á pa 810. Ìdá tó ń kú kò yí padà, iye òkú ló ń kéré sí i. Èyí ni àwọn oníṣirò ń pè ní exponential decline, àmọ́ kò dìgbà tí ẹ bá mọ orúkọ náà kẹ́ ẹ tó lè ṣe é.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò rẹ̀?

Ìlà kan péré ni:

Iye tó kù = iye ìbẹ̀rẹ̀ × (1 − r)^t

r ni ìdá tó ń lọ lọ́dún kan, tí ẹ kọ bíi dẹ́símà: ìdá 43.9 nínú 100 á di 0.439. t ni iye ọdún. Àmì ^ ń sọ pé kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ níye ìgbà yẹn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́, bọ́tìnì rẹ̀ á yọjú. Bí kò bá yọjú, ẹ máa tẹ × 0.561 léraléra, èsì kan náà ni.

Mi ò ṣàdédé mú 0.561. Àwọn tó ka igún onídìí funfun ní Íńdíà láàárín 2000 sí 2007 rí i pé ìdá 43.9 nínú 100 ló ń lọ lọ́dọọdún. Èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ 56.1. Ká ní ẹyẹ 10,000 la fi bẹ̀rẹ̀:

Ọdún 1: 5,610
Ọdún 2: 3,147
Ọdún 3: 1,766
Ọdún 4: 990
Ọdún 5: 556
Ọdún 6: 312
Ọdún 7: 175

Ẹ tún wò ó láti ìhà kejì. Lọ́dún kìíní, 4,390 ló kú. Lọ́dún keje, 137 péré ni. Akọ̀ròyìn tó bá ń ka òkú nìkan lè gbé e jáde pé ikú igún ti rọlẹ̀ gidigidi, kí inú àwọn èèyàn sì dùn, nígbà tó jẹ́ pé májèlé náà kò dẹwọ́ rárá. Ẹyẹ tó máa pa ló ti tán. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé “iye tó ń kú ti dínkù,” ẹ bi í pé mélòó ló kù kí wọ́n tó kú.

Ṣé mi ò kàn lè fi 43.9 sọ iye ọdún di púpọ̀?

Ẹ dán an wò: 43.9 lọ́nà 3 jẹ́ 131.7. Ẹyẹ wo ló fẹ́ kú ju gbogbo ara wọn lọ?

Kíkà ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ní, ti ìgbà kan àti ti ìsinsìnyí. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìdá ọdọọdún?

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé 99.9, wọ́n á fi 15 pín in, wọ́n á sì ní ìdá 6.66 ló ń lọ lọ́dún. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: bí ìdá 6.66 bá ń lọ lọ́dọọdún, 0.9334^15 á fún wa ní 0.356. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọdún 15, ẹyẹ 356 ni ì bá ṣẹ́kù nínú 1,000. Ẹyọ kan la sì ní.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ fi iye àtijọ́ pín iye ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ wá gbé èsì rẹ̀ sókè sí 1 lórí iye ọdún. Fún igún onídìí funfun, 1 ÷ 1,000 = 0.001. Lẹ́yìn náà 0.001^(1/15) = 0.631. Ìdá 63.1 ló ń ṣẹ́kù lọ́dọọdún, ìdá 36.9 ló ń lọ. Ẹ rí i bó ṣe jìnnà sí 6.66.

Ká mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé, tí mo kàn fi orí gbé kalẹ̀. Ká ní ẹnìkan ka igún tó ń bà ní odò ẹran ìlú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúńbú màlúù, ó sì rí 240. Lẹ́yìn ọdún 6 ó tún kà, ó rí 150. 150 ÷ 240 = 0.625. 0.625^(1/6) = 0.925. Ìdá 7.5 ló ń lọ lọ́dún. Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọdún 14 sí i ni yóò ku 50.

Ohun kan ṣá o: kí ó jẹ́ wákàtí kan náà, àsìkò kan náà nínú ọdún, àti ibi kan náà ni wọ́n ti kà á nígbà méjèèjì. Bí ẹ bá kà á láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa màlúù púpọ̀, tí ẹ wá padà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí lè má ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ikú.

Ẹ ní 43.9 níbì kan, ẹ tún ní 36.9. Èwo ni ká gbà?

Méjèèjì. 36.9 jẹ́ ti gbogbo ọdún 15 náà, 43.9 jẹ́ ti ọdún 7 tó kẹ́yìn nínú wọn. Bí ẹ bá yọ ọdún 7 yẹn kúrò, ọdún 8 àkọ́kọ́ á bọ́ sí nǹkan bí ìdá 30 lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ọwọ́ ikú ń le sí i. Ìdá kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi ṣàpèjúwe ọdún púpọ̀ lè bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá gbé e jáde láìsọ àwọn ọdún tó dúró fún.

Ìgbà wo ni yóò ku ìdajì?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìṣirò yìí, torí pé ọdún la fi ń dáhùn rẹ̀, ọdún sì yé gbogbo èèyàn ju ìdá lọ. Ẹ fi bọ́tìnì ln (ìyẹn natural logarithm, òun náà á yọjú bí ẹ bá yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́) ṣe é:

Àkókò ìdajì = ln(0.5) ÷ ln(1 − r)

Fún 43.9, ó jẹ́ ọdún 1.2. Kò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ìdajì á ti lọ. Láàárín 2000 sí 2007 kan náà, ẹ̀yà méjì yòókù pàdánù ìdá 16 àti díẹ̀ lọ́dọọdún; tiwọn tó nǹkan bí ọdún 4.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ igún tiwa. Igún tí àwa mọ̀, tó pá lórí, tó ń bà ní odò ẹran àti lórí ààtàn, Necrosyrtes monachus ni. Ìwádìí kan lórí igún Áfíríkà tó jáde ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tàbí kó lé díẹ̀ fojú bù ú pé ìdá 83 nínú 100 lára rẹ̀ lọ láàárín ọdún 53. Ẹ ṣe é bí a ti ṣe ti ìṣáájú: 0.17^(1/53) = 0.967. Ìdá 3.3 lọ́dún. Àkókò ìdajì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún 21.

Ìdá 3.3! Nínú igún 30 tó ń yí ọjà ká, ẹyọ kan ló dín lọ́dún. Ta ni yóò ṣàkíyèsí rẹ̀? Ẹni tó bá dé ibẹ̀ léṣìí tó sì padà dé lọ́dún yìí á búra pé wọ́n pé. Àfi kẹ́ ẹ bi àgbàlagbà tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ìdajì, tó tún rí ìdajì ìdajì. Igún Íńdíà ké gbàjarè kó tó kú, tiwa ń yọ́ lọ. Èyí tó yára ni ayé fi sínú ìròyìn, ṣùgbọ́n ìlà ìṣirò kan náà ló gbé àwọn méjèèjì.

Níbo ni ìdá yẹn tiẹ̀ ti ń wá? Ṣé gbogbo màlúù ni wọ́n ń fún lóògùn ni?

Rárá o, ìyẹn gan-an ló ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Rhys Green àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2004. Òkú ẹran tó ní májèlé kò nílò ju 1 nínú 760 sí 1 nínú 130 lọ kí igún tó máa tán bí wọ́n ṣe rí i tó ń tán. Ibi tó máa bọ́ sí nínú àlàfo yẹn dá lórí bí igún ṣe ń jẹun sí àti iye tó ń kú láìsí májèlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó rọrùn ju tiwọn lọ. Ká ní igún ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ 3. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìgbà 120 lọ́dún. Bí òkú màlúù 1 nínú 130 bá ní májèlé, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún igún láǹfààní 129 nínú 130 láti yè. Ó dà bí ẹni pé kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà 120 ló gbọ́dọ̀ yè é lọ́dún kan: (129/130)^120 = 0.396. Nínú igún 100, 40 ló máa rí ọdún tuntun. Bó bá jẹ́ 1 nínú 760, 85 á rí i, 15 á kú. Ẹ wò ó, ìṣirò kan náà ni, àfi pé dípò ọdún, oúnjẹ la fi ń kà á.

Ìyẹn ni ti ikú. Ti ìbí náà wà. r tí a ń lò láti òkè wá jẹ́ èyí tó kú lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí wọ́n bí. Eku lè pàdánù ìdajì agbo rẹ̀ kó sì fi ọmọ dí i padà láàárín oṣù díẹ̀. Igún ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lọ́dún, ọmọ náà á sì lo ọdún bíi 5 kó tó dàgbà tó láti ní ìtẹ́ tirẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ń wúre pé gúnnugún kì í kú léwe mọ irú ẹyẹ tí wọ́n ń sọ: ẹyẹ tó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ẹ̀mí gígùn. Bí ohun kan bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àgbà rẹ̀, kódà kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìbí kò lè bá ikú dọ́gba mọ́.

Bí ẹyẹ bá pọ̀ gan-an ńkọ́? Ṣé kò ní pẹ́ kó tó tán?

Kò pẹ́ bí ẹ ṣe rò. Bí ẹyẹ 10,000 bá ń pàdánù ìdá 43.9 lọ́dọọdún, ọdún 16 ni yóò fi kù sí ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ 1,000,000, ọdún 24. Ìlọ́po 100 ẹyẹ ra ọdún 8 péré. Ìdí nìyí tí ẹyẹ tó kún ojú ọ̀run Íńdíà ní 1985 fi lè di ohun àwátì kí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà tó kúrò ní yunifásítì.

Lórí ìwé, iye náà kì í dé òdo, á kàn máa di 0.5, 0.28, 0.16. Ní ayé, kò sí ìdajì igún. Kó tiẹ̀ tó dé ẹyọ kan ni akọ ti ń wá abo tì.

Mo rí lẹ́tà e nínú ìwé kan. Kí ló wà fún?

Ọ̀nà mìíràn láti kọ ohun kan náà ni: iye ìbẹ̀rẹ̀ × e^(−kt). e jẹ́ nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, nǹkan bí 2.718. Ẹ má kàn fi r dípò k. k = −ln(1 − r), nítorí náà 0.439 á di 0.578. Bí ẹ bá fi 0.439 síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 7 ẹ ó ní 463 dípò 175. Bí ìdá náà bá kéré bíi ti igún tiwa, 0.033 méjèèjì ni, ẹ ò tiẹ̀ ní rí ìyàtọ̀.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí n lo ìṣirò yìí?

Nígbà tó bá jẹ́ pé iye ló dúró sójú kan, tí kì í ṣe ìdá. Ẹ jẹ́ ká ní igún 2,000 wà ní agbègbè kan, àwọn ọdẹ sì ń mú 100 lọ́dọọdún fún àwọn tó ń ta egbòogi ìbílẹ̀. Ọjà igún wà ní Nàìjíríà lóòótọ́, bí àwọn àgbà tilẹ̀ ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lọ́dún kìíní, 100 jẹ́ ìdá 5. Nígbà tó bá ku 500, 100 yẹn kan náà ti di ìdá 20. Ọdún 20, ó tán. Bó bá jẹ́ ìdá 5 ló dúró sójú kan, 717 ni ì bá ṣì kù lẹ́yìn ọdún 20 yẹn. Nítorí náà, oníbàárà tí kì í dín ohun tó ń rà kù burú ju májèlé tó ń mú ìdá rẹ̀ lọ.

Àjálù ẹ̀ẹ̀kan náà tún yàtọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa ní Guinea-Bissau láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹ yọ iyẹn kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó padà sórí ìdá ọdọọdún.

Bí ìdá bá yí padà láàárín méjì ńkọ́?

Ẹ ṣe é ní abala abala. Íńdíà, Pakistan àti Nepal fòfin de diclofenac fún ẹranko lọ́dún 2006, Bangladesh tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2010. Oògùn mìíràn tó ń jẹ́ meloxicam, tí kì í pa igún, ló rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹyẹ 10,000 lo ọdún 4 lábẹ́ ìdá 43.9, tí òfin wá dé, tí ìdá náà já sí 5 fún ọdún 6: 10,000 × 0.561^4 × 0.95^6 = 728. Láìsí òfin, 31 ni ì bá kù.

Ṣé ó bá ènìyàn mu?

Ó bá a mu, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bulgaria ka bíi mílíọ̀nù 8.95 èèyàn lọ́dún 1985, ó sì ka mílíọ̀nù 6.52 lọ́dún 2021. Ìdá 0.9 lọ́dún nìyẹn, àkókò ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 79. Àmọ́ èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú: ọ̀pọ̀ wọn kò kú, wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn ni, ìjì ọrọ̀ ajé ọdún kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ọdún kejì. Mi ò ní fi ìdá yẹn sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní báyìí tí òfin ti wà, ọdún mélòó ni igún Íńdíà máa fi padà sí bó ṣe wà?

Ìlà kan náà ni, (1 + r) la máa lò dípò (1 − r). Láti orí ẹyọ 1 padà sí 1,000, ká ní wọ́n ń pọ̀ sí i ní ìdá 5 lọ́dọọdún láìsí ìdíwọ́ kankan, á gba nǹkan bí ọdún 142. Bó bá jẹ́ ìdá 10, ọdún 73 ni, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹyẹ tó ń yé ẹyin kan lọ́dún lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 15 ló fi lọ. Àwọn oògùn mìíràn tó ń ṣe bíi diclofenac sì ṣì wà lọ́jà fún ìgbà pípẹ́: ọdún 2023 ni Íńdíà tó fòfin de ketoprofen àti aceclofenac fún ẹranko. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ iye ọdún náà wò fúnra yín nínú Excel tàbí Google Sheets, ẹ tẹ =LN(1000)/LN(1.05), kẹ́ ẹ máa yí 1.05 yẹn padà sí ìdá tó bá tẹ́ yín lọ́rùn.